Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa kò tọ̀ mọ́ lójú òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbé ọkọ̀ jáde láti Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀, a ń fi ìwọ̀ wá kútà. Ní Sátidé tó kọjá, bá a ṣe dé ìtòsí East Mole, òkúta tí wọ́n tò láti dí ìgbì lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnì máa ń tọ̀ dá, ẹ́ńjìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíì. Ẹnì kan ní ká máa sáré lọ, pé atẹ́gùn á tù ú. A kọ̀, a pa á. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó dáa gan-an. Ti ọ̀kadà ni atẹ́gùn ń tù. Omi òkun ló ń tu tiyín. Rọ́bà kan bí abẹ̀bẹ̀, impeller, wà nínú pọ́ǹpù ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, òun ló ń fa omi náà wọlé. Tí kò bá rómi fà, kì í pẹ́ jóná rárá.

Ẹ kọ́kọ́ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Apápá, kí ẹ wá ju ìdákọ̀ró, torí orí òkúta ni ìgbì lè gbé yín lọ. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè, kí ẹ wo ihò tó ń fa omi lápá méjèèjì. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni mo fura sí. Koríko ojú omi ni gbogbo èèyàn ń bú, àmọ́ àsìkò òjò ló ń pọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi ọ̀sà níyọ̀, á kú. Ọ̀rá kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò.

Ìbéèrè: A bá ọ̀rá lóòótọ́, a yọ ọ́. Àmọ́ tótó-tótó ló ṣì ń kán.

Ìdáhùn: Iyọ̀ lè ti dí ihò tó ń gbà tọ̀, àgbọ́n sì máa ń fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀ nígbà míì. Ẹ ki okùn ìwọ̀ tó nípọn bọ̀ ọ́. Wáyà lè lu rọ́bà inú rẹ̀. Tó bá ṣì ń kán, impeller ló ti jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí apá rẹ̀ kan bá ti já, ẹ wá èyí tó já náà rí kẹ́ ẹ tó dì í padà, torí inú ọ̀nà omi ló máa lọ há sí. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀ láìfi omi sí i láti fi dán an wò o.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì wa ní ká kúkú yọ thermostat dànù, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà omi kí ẹ́ńjìnì lè gbóná níwọ̀n, pé ooru ilẹ̀ wa ti tó.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó kì í jó epo tán: púlọ́ọ̀gì á dúdú, epo bẹntiróòlù á sì máa yọ́ wọ inú ọ́ìlì tó bá jẹ́ four-stroke, irú ẹ́ńjìnì tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Tí iyọ̀ bá ti di thermostat náà pa, ẹ ra òmíràn. Ẹ sì máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú ẹ́ńjìnì fún bí ìṣẹ́jú 10 nígbà tẹ́ ẹ bá ti dé, kẹ́ ẹ tó gbé ẹja sílẹ̀ pàápàá.