Bí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe lè dáàbò bo àwọn àgbà tó ń dá gbé nígbà tí onígbáméjì bá ń jà

Ìwé orúkọ lẹ ó kọ́kọ́ ṣe: àgbà wo ló ń dá gbé, oògùn wo ló ń lò, aládùúgbò wo ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, kí sì ni nọ́ńbà fóònù aládùúgbò náà. Ẹnì kan náà ni kó máa bẹ àwọn tó wà ní àdúgbò kan wò. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe nínú ẹgbẹ́, kó jókòó sílé títí ọjọ́ méjì yóò fi pé lẹ́yìn tó ti dá.

Oúnjẹ tó ń gbóná fẹlifẹli ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ má gbé sàláàdì, èso tí wọ́n ti gé, tàbí sóbò tẹ́ ò mọ omi tí wọ́n fi pò ó. Nígbà tí onígbáméjì jà l'Ékòó lọ́dún 2024, ohun mímu òfìò tí kò forúkọ sílẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fura sí.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ẹgbẹ́ á dúró síta, á ní, "Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà?" Màmá á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, Màmá ti ń ṣu omi láti òru. Àgbàlagbà wo ló fẹ́ sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé òun ò lè dá ara òun dúró mọ́? Onígbáméjì tó le sì lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan, kò ní dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa padà wá lọ́la.

Nítorí náà, ẹ wọlé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè ní tààrà: "Ẹ má bínú mà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ̀nsẹ̀ láti àná? Ṣé ó ń ṣàn? Ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?" Obìnrin ni kó bi Màmá, ọkùnrin ni kó bi Bàbá. Bí wọ́n bá ṣì ń fi ọ̀rọ̀ bò, ẹ wo okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé: ìró mẹ́rin tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀ kan kì í ṣe lásán. Ẹ wo ahọ́n bóyá ó ti gbẹ, kẹ́ ẹ wo ojú bóyá ó ti jìn wọnú. Wọ́n máa ń kọ́ni pé ká fa awọ ara wò, ṣùgbọ́n awọ àgbàlagbà ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè sọ òótọ́. Ìgbẹ́ tó bá funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ má bèèrè nǹkan mìíràn mọ́.

ORS ni kẹ́ ẹ fún wọn mu, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi dípò omi tó ti jáde lára. Èyí inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ da piọ wọ́tà méjì, èyí tó jẹ́ lítà kan, sínú ìkòkò mímọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ṣíbí náà kò gbọ́dọ̀ ga. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo fi ń gé e tẹ́jú, ṣíbí tèmi ló sì máa ń wà nínú báàgì, torí ṣíbí ilé onílé kì í dọ́gba. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á ní, "Dókítà ní kí n má jẹ iyọ̀." Ẹ pe ilé ìwòsàn wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dá omi náà dúró.

Ní ti ìgbẹ́ àti èébì tó ta sílẹ̀, ife Hypo kan sí ife omi mẹ́fà, bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike rẹ̀. Ẹ dà á lé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó nù ún. Ẹ má pò ó mọ́ Harpic tàbí Izal láéláé, èéfín rẹ̀ léwu. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ọ̀rá búrẹ́dì méjì lórí ara wọn ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí kò lè mu mọ́, tí kò tọ̀, tàbí tó ń sọ kántankàntan, ilé ìwòsàn ni. Ẹ máa fún un ní ORS díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà bó bá ṣì lè gbé e mì, kẹ́ ẹ sì gbé páálí oògùn rẹ̀ dání. L'Ékòó, ẹ pe 767 tàbí 112. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232.