Bí A Ṣe Ń Yan Alùpùpù Tí Yóò Rọ́pò Èyí Tó Ti Gbó

Kí ẹ tó lọ wo alùpùpù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ padà sídìí èyí tó dákẹ́ sílé yẹn, kí ẹ wádìí ohun tó pa á. Ibẹ̀ ni yíyan òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì 100 cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó) ni ẹ fi ń gbé èèyàn méjì pẹ̀lú ẹrù gun òkè lójoojúmọ́, ẹrù ló pa á. 100 cc mìíràn yóò kú irú ikú kan náà. Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló gbẹ mọ́ ọn nínú tí ẹ kò mọ̀, kò sí alùpùpù ńlá tó lè wo àìsàn yẹn, àfi kí ẹ yí ìtọ́jú padà. Bó bá sì jẹ́ pé ṣéènì, táyà, bátìrì àti bíréèkì nìkan ló jẹ tán, alùpùpù yín kò tíì kú rárá, ẹ tún un ṣe. Èyí tí kò yẹ ká tún náwó lé lórí ni èyí tí férémù rẹ̀, ìyẹn irin tó gbé gbogbo ara rẹ̀ ró, ti sán. Bí jórinjórin bá tilẹ̀ jó o pọ̀, ó lè tún já lẹ́bàá ojú ìjóná náà nígbà tí ẹ bá wà lórí eré.

Èyí tó bá iṣẹ́ yín mu

Fún ẹni kan ṣoṣo tó ń rìn láàárín ìlú, 100 sí 125 cc ti tó, kì í sì í mu epo púpọ̀. Ẹni tó ń gbé èèyàn sẹ́yìn tàbí tó ń gun òkè déédéé, kó wo 150 sí 200. Ẹni tí ọ̀nà márosẹ̀ jẹ́ ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, kó wo 250 sókè, torí ẹ́ńjìnì kékeré tí a ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré láti àárọ̀ dalẹ́ kì í pẹ́ gbó.

Ẹ jókòó lé e. Ó kéré tán, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Èyí tí agbára yín kò ká lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ní gbọ́ tiyín nínú ẹrẹ̀.

Lójú ọ̀nà oníkòtò, rímù onísípóòkù ló dára jù, torí ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bó bá já sí kòtò, sípóòkù tó bá sì kán ṣeé pààrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rímù álọ́ọ̀yì lè sán. Ní ti epo, kabúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lè tú fọ̀. Èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn epo máa ń tètè ṣáná, ó sì ń ṣọ́ epo lò, àmọ́ bátìrì tó ti rẹ̀ lè dá a dúró pátápátá. Kí ọkàn yín tó fà sí èyíkéyìí, ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí pádì bíréèkì, kébù kílọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì rẹ̀ rà nítòsí yín.

Ẹ bá a nígbà tó tutù

Bó bá jẹ́ àlòkù, apá yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bó bá gbóná, wọ́n ti kọ́kọ́ ṣáná sí i. Ẹ dúró kó tutù, tàbí kí ẹ padà wá, torí ooru máa ń bo ìṣòro ìṣáná mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó ṣáná, ẹ wo ọ́ìlì. Pé ó dúdú kì í ṣe àrùn. Èyí tó funfun bíi mílíìkì ti da omi pọ̀. Èyí tí eruku irin ń dán nínú rẹ̀ ń sọ pé àwọn irin inú ń jẹ ara wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì epo, kí ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà, torí ìpẹtà á máa dí ọ̀nà epo. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni o, ẹ má ṣe ṣá ìṣáná níbẹ̀.

Ẹ wá ṣáná, kí ẹ dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín funfun tó lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ́ omi ìrì lásán. Bí kò bá lọ, tí alùpùpù náà sì jẹ́ èyí tó ń fi omi tutù, omi ti ń jò wọnú ibi tí epo ti ń jó. Èéfín aláwọ̀ aró ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù: ọ́ìlì ló ń jó, ríìngì písítínì tàbí síìlì fáàfù ti jẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, díẹ̀ nínú èéfín yìí kò burú. Èéfín dúdú rọrùn jù lọ: epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ pé àsẹ́ afẹ́fẹ́ ló dí.

Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tikí-tikí tó ń wá láti òkè sábà máa ń jẹ́ fáàfù tó fẹ́ àtúntò. Gbìn-gbìn tó ń wá láti ìsàlẹ̀, tó ń yára bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára, ẹ fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Férémù àti ọwọ́

Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí ọwọ́ alùpùpù láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá ń há díẹ̀ láàárín, bíárìn orí, ìyẹn èyí tí ọwọ́ ń yí lórí rẹ̀, ti jẹ. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Bí nǹkan bá ń kàn kó, ó ti tú tàbí ó ti jẹ. Ẹ wo irin kékeré tó ń dá ọwọ́ dúró bó bá yí dópin. Bó bá ti tẹ̀, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ jẹ́ tuntun ju ti ibi tó kù lọ, ó ti ṣubú líle rí. Ọ́ìlì lára ṣọ́ọ̀kù iwájú fi hàn pé síìlì ti já, ó sì lè ṣàn dé bíréèkì.

Àwọn ohun tó ń jẹ

Ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn ní ẹ̀yìn irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn. Bí ìdajì eyín bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ṣéènì ti tán. Ẹ pààrọ̀ òun àti irin eléyín méjèèjì pọ̀, torí eyín tó ti jẹ á ba ṣéènì tuntun jẹ́. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀ lé lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ máa ń le, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Bátìrì tó yó máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fólítì bí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa. Bí ẹ bá ṣáná tí ẹ sì fún ẹ́ńjìnì lépo, ó yẹ kó tó 13.5 sí 14.5. Bí kò bá kúrò ní 12, kò gba iná.

Mítà ṣeé yí padà, ẹ wo rọ́bà ibi ìtẹ̀sẹ̀. Bó bá ti jẹ pátápátá tí mítà sì ń sọ pé 6,000 kìlómítà ló rìn, rọ́bà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ gùn ún. Ní jíà tó ga, ẹ fún un lépo lójijì. Bí ariwo bá fò sókè tí eré kò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Jíà kò gbọdọ̀ máa fò jáde fúnra rẹ̀, torí àfi kí ẹ tú ẹ́ńjìnì kí ẹ tó lè tún un ṣe.

Ní ìparí, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí férémù wé ti inú ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tún wo ti ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà férémù tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀ kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí wọ́n ti ha ojú ibẹ̀, ẹ má sanwó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ yí ọ́ìlì, àsẹ́ afẹ́fẹ́ àti púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì kọ iye tó wà lórí mítà sílẹ̀, torí òun ni ẹ óò fi mọ ìgbà tí ọ́ìlì tún kàn.