Ẹ ti jò tán, ẹ wá ń kówó fún onítíì

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó àwọn èèyàn sáré n'Ìbàdàn, àṣìṣe kan náà ni mò ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ti jò tí wọn ò fẹ́ sanra padà, owó kan náà ló ń ṣòfò, ó ti sú mi.

Àkọ́kọ́, ẹ má sáré lọ bá télọ̀. Èmi fúnra mi jò kílò 19 torí ìgbéyàwó àbúrò mi, orí mi wú, mo kó gbogbo ṣòkòtò mi fún télọ̀ pé kó mú wọn wọlé kó sì gé èyí tó ṣẹ́kù dànù. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ mo padà dé, ó wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ibo la ti fẹ́ rí aṣọ tẹ́ ẹ ní kí n gé dànù?"

Èkejì, bẹ́líìtì rọ́bà tí wọ́n ń dè mọ́kùn. Ọ̀rá ò mọ̀ pé ẹ dè é.

Ẹ̀kẹta ni tíì tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn jò, ibí gan-an ló ń bí mi nínú. Àǹtí kan tó ń bá mi sáré jò dáadáa, ló bá fi mí sílẹ̀, ó ń ra páálí tíì mẹ́rin lóṣù pé tíì yẹn ni ò ní jẹ́ kóun sanra padà. Ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tíì yẹn o! Omi àtìgbẹ́ lẹ̀ ń gbé jáde. Nígbà tó sanra padà, ó ń sunkún pé ọ̀kánjúwà òun ni. Mo ní rárá, àǹtí mi. Téèyàn bá jò, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ò kú, wọ́n kàn sún kì ni, iye wọn ò yí padà. Ọ̀rá yìí ló ń tú leptin jáde, hòmóònù tí wọ́n rí ní 1994, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílé, tí ọ̀rá bá wá dín, leptin á já wálẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn mú, ghrelin tó ń mú ebi pani á gòkè, ara á sì máa ṣahun. Nínú ìwádìí kan láti Australia tó jáde ní 2011, wọ́n fi oúnjẹ bíńtín bọ́ èèyàn 50 fún ọ̀sẹ̀ 10, ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, hòmóònù wọn ò tíì padà sípò. Àwọn 14 kan tó díje ta ló máa jò jù lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 6, 13 nínú wọn ló ti sanra padà díẹ̀ tàbí púpọ̀, ara wọn sì ń jó nǹkan bí kálórì 500 lójúmọ́ dín sí ti ẹni tó tóbi bíi tiwọn. Tíì wo ló fẹ́ bá ìyẹn jà?

Ẹ̀kẹrin àbí ìkarùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: abẹ́rẹ́ semaglutide, oògùn tó ń dín ebi kù, tẹ́ ẹ lọ rà láìrí dókítà. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó dá a dúró wò, láàárín ọdún kan, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n jò ló ti padà. Ẹ ka owó yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì fi òṣùwọ̀n pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé ẹ ti jò. Ìrìn náà ò gbọdọ̀ dúró.

Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ télọ̀ yẹn. Òun ni mo máa ń wọ̀ ní gbogbo Mọ́ńdè tí mo bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n. Lọ́sẹ̀ yìí ó há díẹ̀, mo ti ní kí ìyàwó mi bu èbà mi kéré.