Bí A Ṣe Ń Se Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n Nílé: Ìwọ̀n, Iná àti Ìdánwò

Ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ ìwẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ ìfárùngbọ̀n. Ọṣẹ ìwẹ̀ lè hó dáadáa lọ́wọ́, àmọ́ kí abẹ tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ìfòfó rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú, abẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ohun tí à ń wá níbí ni ìfòfó tó ki, tó lómi nínú, tó lè dúró lójú títí a ó fi fá a tán, tí abẹ yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun méjì ló ń fún wa ní èyí: stearic acid tó pọ̀, àti pọ́táṣì.

Stearic acid ni ẹ̀rún funfun tí àwọn tó ń ṣe àbẹ́là àtàwọn tó ń po ìpara máa ń rà. Ó wà nínú òrí fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, ó sì wà nínú ọ̀rá kòkó àti ọ̀rá màlúù, àmọ́ èyí tó wà nínú wọn nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Òun ló ń mú kí ìfòfó ki. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì sódà nìkan la fi sè é, ọṣẹ náà á le koránkorán, búrọ́ọ̀ṣì á máa yí lórí rẹ̀ láìrí nǹkan gbé. Pọ́táṣì ló ń jẹ́ kó rọ̀, kó sì tètè yọ́ nínú omi. Ìdí kan náà ló mú kí ọṣẹ dúdú máa rọ̀: pọ́táṣì ló pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń sè é.

Pọ́táṣì tí à ń sọ yìí kì í ṣe káún o. Lọ́jà, wọ́n lè pe káún ní "potash" fún yín, tí ẹ bá sì gbé e délé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Potassium hydroxide ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, irú àwọn tó wà ní Ọjọ́ta l'Ékòó, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Omi eérú náà kò ṣe é lò fún èyí, torí kò sẹ́ni tó lè fojú wo omi eérú kó sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ojú la fẹ́ fi ọṣẹ yìí pa.

Ìwọ̀n tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, fún gíráàmù 500 ọ̀rá:

Stearic acid, gíráàmù 250
Òrí, gíráàmù 125
Àdín àgbọn, gíráàmù 100
Òróró castor, gíráàmù 25
Potassium hydroxide (èyí tó mọ́ dé ìdá 90 nínú 100), gíráàmù 64
Kọ́sítíìkì sódà, gíráàmù 28
Omi, gíráàmù 210
Gílísírìn, gíráàmù 50, ìgbà tó bá jinná tán la ó fi sí i

A ṣírò rẹ̀ kí nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ọ̀rá náà ṣẹ́ kù láìdi ọṣẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ ta ojú. Tó bá jẹ́ àdín dúdú lẹ ní dípò ti àgbọn, ẹ lè lò ó ní ìwọ̀n kan náà. Kẹ́míkà (ìyẹn potassium hydroxide àti kọ́sítíìkì sódà) tí àdín dúdú ń fẹ́ dín díẹ̀ sí ti àgbọn, nǹkan bíi gíráàmù kan péré nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rá tó ṣẹ́ kù yẹn á sì gbé e. Òórùn rẹ̀ lẹ máa rí, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, títí kan omi. Kò sí ti síbí tàbí kọ́ọ̀pù nínú ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, torí ẹ̀rún ńlá àti ẹ̀rún kékeré kì í wúwo bákan náà nínú síbí kan ṣoṣo. Ẹ wá òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Ẹni tó bá fẹ́ fi gíráàmù 100 ọ̀rá péré dánra wò, kẹ́míkà tó máa lò lápapọ̀ kò ju bíi gíráàmù 18 lọ. Tó bá fi gíráàmù kan ṣoṣo ṣì í, ọ̀rá tó yẹ kó ṣẹ́ kù ti tán, ọṣẹ á sì máa ta. Ìyẹn la fi ń sọ pé kí ìdánwò má ṣe kéré sí gíráàmù 200.

Ẹ má lo ìkòkò tàbí síbí àlùmíníọ̀mù rárá. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ àlùmíníọ̀mù, ó máa ń hó, ó sì máa ń tú gáàsì tó lè gbaná. Irin tí kì í dípẹtà, tánganran tí kò bó lára, tàbí ike tó nípọn tó sì lè gba ooru ni kí ẹ lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi gọ́gù bojú, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí.

Níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé ni kí ẹ ti po kẹ́míkà. Kẹ́míkà là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kẹ́míkà lórí, torí á hó ru, á sì ta síni lójú. Ẹ máa bù ú sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Pọ́táṣì máa ń dún ṣùùùù bó ṣe ń yọ́, kò sí ewu níbẹ̀. Omi náà á gbóná gan-an fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé imú lé èéfín rẹ̀. Tó bá ta síni lára, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ẹ má fi fínígà pa á. Tó bá kan ojú, ẹ ṣàn án bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ gbé ìkòkò ọ̀rá sínú ìkòkò ńlá tó ní omi gbígbóná, kí iná má bàa kan ọ̀rá ní tààrà. Kí ìkòkò ọ̀rá náà gbà tó lítà 3, torí ọṣẹ lè wú. Ẹ yọ́ stearic acid pẹ̀lú àwọn ọ̀rá yòókù títí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́ kedere, ní nǹkan bí 80°C. Kí omi kẹ́míkà náà ṣì gbóná, ní nǹkan bí 70°C, kí ẹ tó rọra dà á sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń já a jù sílẹ̀. Stearic acid kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí omi kẹ́míkà bá ti kàn án, kíá ló máa dì, á kókó bí ọkà tí omi rẹ̀ kò tó, síbí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láàárín rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi síbí tó lágbára tẹ àwọn kókó náà mọ́ ara ìkòkò, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí ooru ṣiṣẹ́. Ẹ má ki ẹ̀rọ ìpoǹkan bọ̀ ọ́, á há, ó sì lè ta kẹ́míkà jáde.

Láti ìgbà náà, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni, kí ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú 15-15. Á kọ́kọ́ rí bí ògì tó dì, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, títí gbogbo rẹ̀ á fi rí bíi Vaseline, tí ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá gbẹ jù, ẹ fi omi gbígbóná síbí kan sí i. Láti mọ̀ bóyá ó ti jinná, ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ fi ìka tútù ra á, kí ẹ wá fi ìka náà kan ṣóńṣó ahọ́n. Tó bá ta gbì bí ìgbà tí a fi ahọ́n kan bátìrì, iná ló kù. Tó bá jẹ́ adùn ọṣẹ lásán ni, ó ti tó.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ po gílísírìn mọ́ ọn, ẹ rọ ọ́ sínú abọ́ ike tàbí tánganran ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀. A lè lò ó lọ́jọ́ kejì, àmọ́ tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, omi á jáde lára rẹ̀, ìfòfó rẹ̀ á sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń dán an wò: ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sómi, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi yí ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wá máa pò ó nínú abọ́, kí ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti po ẹ̀wà àkàrà rí mọ ibi tí à ń lọ: ìgbà kan á dé tí ẹ̀wà lílọ̀ náà á fúyẹ́, á funfun, á dán, tí orí rẹ̀ á ta ṣóńṣó, tí ṣóńṣó náà á sì tẹrí ba díẹ̀. Bí ìfòfó yìí ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìfòfó olójú ńláńlá ló ń yọ, omi tàbí àdín àgbọn ti pọ̀ jù. Ẹ gbé abọ́ náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ọṣẹ tó dára ṣì máa ki nígbà tí ẹ bá padà dé ìdí rẹ̀.

Ní ti ìdánwò èròjà, ẹyọ nǹkan kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Yàtọ̀ sí ti àdín dúdú tí a sọ lókè, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀rá ni kí ẹ tún kẹ́míkà ṣírò, torí iye tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ń gbà yàtọ̀: gíráàmù 100 àdín àgbọn ń gba nǹkan bíi gíráàmù 26 potassium hydroxide tó mọ́ pátápátá, òrí ń gba 18, stearic acid ń gba bíi 20. Òrí tó bá kọjá ìdá 30 nínú 100 á mú kí ojú dán lóòótọ́, àmọ́ á pa ìfòfó. Àdín àgbọn tó bá kọjá ìdá 20 máa ń gbẹ ojú. Kaolin (amọ̀ funfun tó kúnná) gíráàmù 5 sí 10 ń mú kí abẹ yọ̀ dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fi gílísírìn pò ó kó má bàa kókó. Ẹ má fi ẹfun ọjà rọ́pò rẹ̀, yanrìn lè wà nínú rẹ̀. Ní ti lọ́fínńdà, gíráàmù 5 ti tó. Òróró koóko ọba máa ń ta, ẹ má jẹ́ kó kọjá gíráàmù 2, kí ẹ sì fi ti kànáfùrù sílẹ̀ pátápátá fún ojú.

Tí kókó funfun bá hàn nínú ọṣẹ tó ti dì, stearic acid tí kò yọ́ tán ni, iná kò tó. Tí àmì pupa-rẹ́súrẹ́sú bá yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òrí tó ti kan lẹ lò. Tó bá ń ta ojú, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ dá a padà sórí iná pẹ̀lú omi díẹ̀ àti òrí gíráàmù 10 sí 15, kí ẹ sè é kó jinná, kí ẹ tún fi ahọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá hó níbì kan tó sì ń hó níbòmíràn, omi ni ẹ̀bi wà. Omi kànga àti ti bohóòlù míì le, ó máa ń sọ ọṣẹ di ẹ̀gbin funfun tó lẹ̀ mọ́ abọ́. Ẹ fi omi òjò tàbí pure water gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó dá èròjà lẹ́bi.

Fún àwọn tí irùngbọ̀n wọn ká, tí kókó máa ń sú wọn lọ́rùn lẹ́yìn fífá: ọṣẹ kò lè wo ìyẹn, nítorí irun tó ká padà wọnú awọ ló ń fà á. Ohun tí ọṣẹ lè ṣe ni kó mú irun rọ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ojú, ẹ pa ìfòfó sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ wá fá a sí ọ̀nà tí irun kọrí sí. Níbi tí ìfòfó bá ti tán, ẹ tún ìfòfó pa síbẹ̀ kí abẹ tó padà kọjá.