Ìgbà tó yẹ kí ẹ fi òfin tún dátà ìkànnì yín ṣe, àti ìgbà tí kò yẹ

Bí ènìyàn bá ṣí ojú ewé kan lórí ìkànnì yín, ìròyìn àbẹ̀wò náà kì í balẹ̀ sínú ìjábọ̀ tààrà. Ó máa ń kúrò lórí fóònù ẹni náà lọ sí ọ̀dọ̀ ohun èlò tó ń ka àlejò, bíi Google Analytics tàbí Adobe Analytics, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì ń tò ó kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Ní àárín yìí ni òfin ìṣètò dátà ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè ju àbẹ̀wò kan nù, ó lè yí orúkọ kan padà, ó sì lè kó ohun tó wà nínú àpótí dátà kan sínú òmíràn.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú ni pé ohun tí òfin yìí bá ti ṣe, ó ti ṣe é tán. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò mọ̀ pé bí èèrí bá ṣì wà nínú asẹ́, a lè tún da omi sí i kí a sì rí ògì tó ṣẹ́ kù fún jáde, ṣùgbọ́n bí a bá ti dà á fún ewúrẹ́, ó parí nìyẹn. Asẹ́ tí ẹ bá lò nínú ìjábọ̀ jọ ti àkọ́kọ́, nítorí pé dátà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ìṣètò jọ ti èkejì. Kì í sì í ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Òfin tí ẹ kọ lónìí kò ní fọwọ́ kan dátà àná, nítorí náà ìlà inú ìjábọ̀ lè já wálẹ̀ lójijì ní ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá sì rò pé àwọn oníbàárà ló sá lọ.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú òfin èyíkéyìí: ṣé a kò lè tún nǹkan náà ṣe níbi tí dátà ti ń jáde, ṣé a kò sì lè tún un ṣe nínú ìjábọ̀? Ẹ wo ti orúkọ orísun àlejò. Òṣìṣẹ́ kan kọ «Facebook» sí utm_source (apá líǹkì tó ń sọ ibi tí àlejò ti wá) nínú líǹkì rẹ̀, èkejì kọ «facebook», ẹ̀kẹta kọ «fb», ohun èlò náà sì kà wọ́n sí orísun mẹ́ta, nítorí pé lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré kọ òfin fún èyí. Kò pọn dandan. Ẹ kọ àtòkọ orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tó ń ṣe líǹkì, kí ẹ sì fi custom channel group (ẹgbẹ́ orísun àlejò tí ẹ ṣètò fúnra yín) nínú Google Analytics, tàbí classification (ìpínsísọ̀rí) nínú Adobe, so àwọn ti àtẹ̀yìnwá pọ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí dátà tó ti kọjá, bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ lè yí i padà.

Ibi tí òfin ti jẹ́ ọ̀ranyàn wà. Nínú Adobe Analytics, ohun tí ojú ewé bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi context data (ìsọfúnni tí a kò tíì yan àpótí fún) kò ní hàn nínú ìjábọ̀ àfi bí òfin bá kó o sínú prop tàbí eVar, ìyẹn àwọn àpótí tí ìjábọ̀ ń kà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ kóòdù kò ní láti mọ nọ́ńbà àpótí kankan, ẹni tó ń ṣe ìjábọ̀ ló máa yàn án. Òfin 150 ni report suite kan (ibi tí Adobe ń kó dátà ìkànnì jọ sí) lè gbà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, bí méjì bá sì kọ sínú àpótí kan náà, ti ìsàlẹ̀ ni yóò borí. Òfin VISTA, tí Adobe fúnra wọn ń kọ, ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí náà bí iye kan bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ, ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Òfin mìíràn tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi falẹ̀ ni ti ojú ewé ìsanwó. Oníbàárà tó ti ara ìpolówó yín wá, tó lọ sanwó lọ́dọ̀ Paystack tàbí Flutterwave, tó sì padà, lè dà bí ẹni tí ojú ewé ìsanwó rán wá, kí owó tí ẹ ná sórí ìpolówó sì dà bí òfò. Ẹ kọ orúkọ ìkànnì ìsanwó náà sínú àtòkọ orísun tí a kò fẹ́ nínú Google Analytics, èyí tó gba orúkọ 50. Kò ju àbẹ̀wò kankan nù. Ìyìn tí kò tọ́ sí orísun náà nìkan ló gbà kúrò.

Ti àbẹ̀wò òṣìṣẹ́ yín, tí kò yẹ kí a kà mọ́ ti oníbàárà, ló gba ìṣọ́ra jù. Ìlànà tí wọ́n sábà ń kọ́ni ni pé kí a fi àdírẹ́ẹ̀sì IP ilé-iṣẹ́ (nọ́ńbà ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀) dá òṣìṣẹ́ mọ̀, kí asẹ́ dátà Google Analytics, tó ń ju nǹkan nù bí òfin ìṣètò, tí kì í ṣe asẹ́ inú ìjábọ̀, sì yọ wọ́n kúrò. Èyí dára níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì náà kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń lo MiFi àti dátà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì máa ń yí padà, àwọn ilé-iṣẹ́ alágbèéká sì máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan. Asẹ́ tí ẹ fi IP ṣe lè ju àwọn tó fẹ́ rajà nù títí láé, kí ó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín wọlé. Ó sàn kí ìkànnì fúnra rẹ̀ fi traffic_type (irú àbẹ̀wò) tó jẹ́ «internal» (ti inú ilé) ránṣẹ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ sí ipò ìdánwò, níbi tí kò ti ní ju nǹkan kan nù, tí yóò kàn lẹ àmì mọ́ ohun tí ì bá jù nù. Ẹ wo àmì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí iye rẹ̀ bá ju ohun tí òṣìṣẹ́ yín lè ṣe lọ, ẹ má ṣe tan asẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni nìkan ni mo mọ̀ níbi tí píparun pátápátá ti jẹ́ ohun tí a ń wá. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ń fi ímeèlì ènìyàn sínú àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Síbẹ̀ òfin ìṣètò ti pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí pé ímeèlì náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí òfin tó rí i. Ẹ tan ìpajẹ́ dátà (data redaction) nínú Google Analytics, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àlejò kí dátà tó gbéra, kí ẹ sì ní kí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù tún un kọ.

Kí ẹ tó tan òfin èyíkéyìí, ẹ kọ ọjọ́, ìdí rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹ̀ka lè rí i. Asẹ́ Google lè gbà tó wákàtí 24 sí 36 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ní ọjọ́ kẹta ni kí ẹ padà wá fi iye àbẹ̀wò ọjọ́ náà wé ti irú ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.