Kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí ìwé kíláàbù bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí wọ́n tó gbé ìwé wá bá yín.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó tí bọ́ọ̀lù yẹn ń ná yín. Owó ọ̀kadà láti Sábó lọ sí pápá Ṣọ̀ún, oúnjẹ, bàtà tó ń ya, owó oògùn tó bá ṣèṣe. Tó bá ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí télọ̀, ẹ ka àwọn ọjọ́ tí ò lọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Èyí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló dá ìjà sílẹ̀ n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un. Àwọn tó ń gbá rugby (bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré) lápá àríwá níbẹ̀, òṣìṣẹ́ fakitírì àti awakùsà èédú pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá lọ gbá a ní Sátidé owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti wọgbó nìyẹn, wọ́n wá ní kí wọ́n máa dá owó yẹn padà fáwọn, àwọn olówó tó ń darí ẹgbẹ́ fárígá, làwọn kíláàbù àríwá bá pàdé ní Huddersfield lọ́dún 1895, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ò gbà kí wọ́n máa sanwó féléré àfi lọ́dún 1995, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko! Ẹni tí bàbá ẹ̀ lówó ló rọrùn fún láti máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Torí náà tí kóòṣì bá ní ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù kì í béèrè owó, ẹ fi sùúrù bi í pé ta ló máa san owó ọ̀kadà.

Ó kan ìwé wàyí. Lófin FIFA, ẹni tó ní àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, tówó tó ń gbà sì ju èyí tó ń ná sórí bọ́ọ̀lù lọ, òun ni pro, amateur làwọn tó kù. Tí wọ́n bá ń pe ọmọ yín ní pro tó jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe pro o. Tí ò bá tíì pé ọdún 18, àdéhùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọdún 3 lọ. Ẹni tó bá tún ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 16 lọ sí kíláàbù kan ní Yúróòpù, pé kẹ́ ẹ mú owó físà wá, ẹ má dá a lóhùn rárá, torí òfin ò gba kíláàbù láyè láti mú ọmọ tí ò tíì pé 18 láti orílẹ̀-èdè míì, àfi nítorí ìdí díẹ̀ bíi kóbìí ẹ̀ fúnra wọn kó lọ síbẹ̀ fún nǹkan tí ò kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ má gé ọjọ́ orí ẹ̀ o, ẹ dákun.

Ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò náà, ẹ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ta ọmọ yẹn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn ẹ̀ ò tíì parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23 ló máa pín in, ẹni tí ò ní àkọsílẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá ọ̀gá ẹ̀ sọ ọ́ kó máa jẹ́ kó lọ pápá nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì fi oṣù díẹ̀ kún ìgbà tó máa gba fríìdọ̀ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa gbà tẹ́ ẹ bá tètè lọ bá wọn. Tí ìwé bá dé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ náà gan-an.