Àṣíborí àti Bíréèkì Ọ̀kadà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, láti Ọ̀wẹ̀nà dé Oǹdó, ọ̀kadà ló ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, òun náà ló ń gbé kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ wálé. Ìyàwó wà lẹ́yìn, ọmọ wà láàárín, àpò wà lórí kẹ́ríà. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, àṣíborí kan ṣoṣo ló wà, orí awakọ̀ ló sì ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo ẹni tó bá máa gun ọ̀kadà yín ní àṣíborí tirẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ bíréèkì wò nílé kí ẹrù tó gorí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ àṣíborí gidi

Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní nǹkan bí ìdá 69. Àṣíborí gidi là ń wí o. Lọ́dún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e, igbá ni àwọn kan gbé borí. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn ò ro ti títì. Akoto àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé náà kì í ṣe ti ọ̀kadà. Nǹkan tó bá já bọ́ látòkè ni wọ́n ṣe é fún.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Lábẹ́ tìmùtìmù tó ń kan orí, ó yẹ kí ẹ bá fóòmù líle, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí, kó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Fóòmù yìí ló ń gba ìlù náà kó tó dé agbárí. Tó bá jẹ́ tìmùtìmù rírọ̀ nìkan lẹ bá, tí ike sì tẹ̀ lé e, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, bó ti wù kó máa dán tó. Lẹ́tà E nínú òbìrí tàbí àmì DOT, tó ń sọ pé àṣíborí kúnjú ìwọ̀n, dára, àmọ́ sítíkà kò ṣòroó tẹ̀. Fóòmù àti okùn àgbọ̀n ni kí ẹ fi dájọ́.

Ẹ dé e, kí ẹ so okùn náà títí ìka méjì péré á fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ẹnì kan wá dúró lẹ́yìn yín, kó gbá ìdí àṣíborí mú, kó gbé e síwájú. Tó bá bọ́, ó ti tóbi jù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ tú gèlè kí ẹ tó dé e. Ọmọ tí ẹ kò bá rí àṣíborí tó bá orí rẹ̀ mu, ẹ jẹ́ kó wọ mọ́tò.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù tàbí tínnà. Èyí tó bá ti bá èèyàn ṣubú ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, kódà kó má là. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà yín nímọ̀ràn láti ra àlòkù.

Bíréèkì

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà oko níbí, inú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín táyà, ni bíréèkì wọn wà. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ti ẹ̀yìn: kó lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta kó tó mú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún nọ́ọ̀tì tó wà nídìí irin rẹ̀, kí ẹ wá gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí fàlàlà. Tó bá ń họ, ẹ ti fún un jù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù púpọ̀, ọfà kékeré kan wà, àmì sì wà níwájú rẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì dé òpin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Tí ọfà bá ti dé àmì tàbí tó ti kọjá rẹ̀, ṣúù, ìyẹn awẹ́ tó ń di họ́ọ̀bù mú látinú, ti jẹ tán. Ẹ má tún nọ́ọ̀tì fún mọ́. Mẹkáníìkì ló kàn. Tó bá sì ṣí i, ẹ sọ fún un pé kó má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Àkísà tútù ni kó fi nù ún, torí asbẹ́sítọ́ọ̀sì, èròjà eléwu kan, lè wà nínú eruku náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò dáadáa. Epo tó bá ro wọ inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn á mú kí bíréèkì máa yọ̀. Ṣúù tó bá ti mu epo, pípààrọ̀ ló dáa jù. Tí ẹ bá la odò kọjá, ẹ máa rọra tẹ bíréèkì bí ẹ ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú, àwọn kan tilẹ̀ ti tú wáyà rẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Bí ọ̀kadà bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ìwúwo ń sáré lọ, nítorí náà táyà iwájú ló ń dá a dúró jù. Ẹ tẹ méjèèjì pa pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ àti lórí yanrìn, ẹ fọwọ́ rọ ti iwájú, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yà.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìdànrè, àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè ṣọ́ epo lò. Bíréèkì nìkan ló máa wá ru gbogbo ẹrù, á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ẹ fi í sí jíà kejì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá yín fà á sẹ́yìn. Àpò kòkó kan ju kílò 60 lọ. Tí ẹ bá gbé méjì, ẹ dán bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé títì, kí ẹ sì tètè máa tẹ̀ ẹ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Tí ẹni tó ṣubú bá ń mí dáadáa, ẹ má fa àṣíborí kúrò lórí rẹ̀, torí ọrùn lè ti ṣẹ́. Ẹ kàn ṣí gíláàsì iwájú rẹ̀, kí ẹ di orí rẹ̀ mú kó má yí, títí àwọn tó mọṣẹ́ á fi dé.